Ojú Òsì Kluntje

"Ẹ jẹ́ ká fún un lábẹ́rẹ́ ìsinmi lónìí, kó má baà jìyà jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni Dókítà Ukena wí. Kò tíì bọ́ kóòtù òjò ọrùn rẹ̀.

Okka Freerichs gbé ọwọ́ lé àpótí tó gbé ka orí tábìlì. Ó ní òun ò gbọ́ dáadáa. Irọ́ ni, ó gbọ́. Ó kàn fẹ́ kí ọkùnrin náà tún un sọ ni, bóyá ojú á tì í.

Ojú ò tì í. Habbo Ukena ti ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn lágbègbè yẹn láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni màlúù lẹ́yìn odi tí wọ́n mọ dí òkun ṣì ń lọ sílé ìwé. Kò sí abà tí kò tíì fọwọ́ fa ọmọ màlúù jáde nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bó bá ní màlúù kan ò ní yè, olówó rẹ̀ á ṣí fìlà, á dúpẹ́, á lọ pe alápatà. Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn kì í sì í bá dókítà jiyàn.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àpótí kì í ṣe màlúù. Ṣinṣílà ni, ẹranko kékeré kan tó tóbi díẹ̀ ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ, tó ní etí gbàgàdà àti ìrù onírun, tí irun ara rẹ̀ sì rọ̀ débi pé ọwọ́ kì í tètè mọ̀ pé òun ti kàn án. Kluntje ni Okka sọ ọ́, orúkọ tí wọ́n ń pe ṣúgà oníkókó tí wọ́n ń fi sí tíì níbẹ̀, torí pé funfun ni. Àbúrò rẹ̀ aláwọ̀ eérú, Rohm, wà nínú àpótí kan náà, ó fẹ̀gbẹ́ tì í. Ojú òsì Kluntje ń ṣomi, irun abẹ́ ojú náà ti lẹ̀ mọ́ra, oúnjẹ rẹ̀ sì ti ń dín kù.

"Gbòǹgbò eyín ló ti hù wọ ibi ojú," ni dókítà wí. "Eyín wọn kì í dẹ́kun híhù. Tó bá ti dé ojú, ó parí nìyẹn."

"Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò?"

"Ìyáàfin Freerichs, mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí ọmọ yín tó mọ̀ ọ́n rìn."

"Mo mọ̀, Dókítà. Mo ní, ṣé ẹ la ẹnu rẹ̀ wò?"

"Kò sídìí tí màá fi là á."

"Ṣé ẹ fi ẹ̀rọ ya àwòrán gbòǹgbò eyín náà ni?"

"Ẹ̀rọ àwòrán tí mo ní, ti ẹṣin ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá fọwọ́ kan èjìká Okka bí ẹni tó ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Eku ni, eku tó kàn rẹwà ni. Ẹ lọ ra òmíràn."

Ẹni tó ti wa bọ́ọ̀sì ọmọléèwé títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sí irú ìfojúdi tí kò tíì rí. Síbẹ̀ "ẹ lọ ra òmíràn" yìí wọ Okka lára. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti kó lọ sí Hamburg, Kluntje ló ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgò láràárọ̀. Òun ló ń gun èjìká rẹ̀, tó ń fi eyín wẹ́wẹ́ tún irun orí rẹ̀ ṣe. Okka fẹ́ràn ẹranko náà gidigidi, kò sì rí ohun ìtìjú kankan nínú ẹ̀.

"Dókítà," ó ní, "ká ní ẹ sọ pé ẹ ò mọ nǹkan tó ń ṣe é, ọ̀wọ̀ yín ì bá pọ̀ sí i lójú mi. Ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹga ló ń sọ pé ẹga ń pàtótó. Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ mi ò ṣófo."

"Ẹ máa gbé e padà wá o."

"Kò ní í ṣẹlẹ̀."

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó kí àwọn àgbẹ̀ tó jókòó sí yàrá ìdúró ní "Moin", ó jáde sínú òjò wínníwínní. Àwọn àgbẹ̀ náà ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n sì tẹjú mọ́ bàtà wọn bí ẹni pé obìnrin náà ti jalè.

Ọ̀dọ̀ Tomma Dirksen ló gbà lọ tààrà. Òun àti Tomma ti jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà níléèwé. Tomma ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ṣinṣílà lágbègbè náà, òun náà ló bí Kluntje àti Rohm sọ́wọ́, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ilé rẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Gbogbo ohun tí Okka mọ̀ nípa ṣinṣílà, ẹnu Tomma ló ti gbọ́ ọ: pé omi ò gbọ́dọ̀ kan irun wọn, eruku kíkúnná ni wọ́n fi ń wẹ̀, pé ooru ń pa wọ́n, yàrá tútù ni kó fi wọ́n sí, pé koríko gbígbẹ loúnjẹ, àjàrà gbígbẹ sì ni ikú tó dùn lẹ́nu.

Nígbà tí Tomma gbọ́ ohun tí Ukena sọ, ó pàtẹ́wọ́.

"Mo wí! Ṣé mi ò wí? Apààyàn ni gbogbo dókítà! Àánú ẹranko yẹn ń ṣe mí, àmọ́ inú mi dùn pé o já ọkùnrin yẹn sílẹ̀. O gbójú o, Okka! Ó yẹ kí wọ́n fi ẹ́ joyè!"

"Tomma, ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ojú rẹ̀ á san. Ẹranko yìí àti dókítà kì í bára rìn."

Ẹ má bá Tomma wí tó yẹn. Ó ní ìdí. Láyé ọjọ́un, dókítà kan fún ṣinṣílà rẹ̀ ní oògùn tí wọ́n ń fún ajá mu, oògùn náà pa gbogbo kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń bá a lọ oúnjẹ nínú ikùn, ẹranko náà sì kú sí i lọ́wọ́ pẹ̀lú ikùn wíwú. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Láti ọjọ́ náà ni Tomma ti gbé òótọ́ kan yìí, tó sì fi ń lu gbogbo dókítà ayé.

Ohun méjì ló pa láṣẹ. Èkíní, kí Okka lọ koríko kúnná, kó fomi pò ó, kó máa fi síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ tọ́ ọ sí Kluntje lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kí ikùn rẹ̀ má baà dákẹ́. Èyí dára. Mo fọwọ́ sí i, dókítà tó gbọ́n sì máa fọwọ́ sí i. Èkejì, kó máa fi tíì dúdú tó ti tutù wẹ ojú náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bí àwọn ìyá àgbà wọn ṣe máa ń ṣe.

Ta ló máa bá tíì jà níbẹ̀ yẹn? Tíì ni wọ́n fi ń gba àlejò, òun ni wọ́n fi ń tu ọlọ́fọ̀ nínú, òun ni wọ́n ń fún ẹni tó wọlé látinú ìjì. Ọmọ tójú bá ń pọ́n, tíì tútù ni. Okka fúnra rẹ̀ mọ òórùn rẹ̀ lórí ìpéǹpéjú láti kékeré. Kò bi Tomma léèrè kankan. Ẹni tó ti fi gbogbo ẹnu bi Ukena ní ìbéèrè lówùúrọ̀ gbé ẹnu náà pa mọ́ lọ́sàn-án, torí pé ọ̀rẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Kluntje bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun padà. Okka yọ̀, ó ń kọrin nínú ilé. Ṣùgbọ́n ní ti ojú náà, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Kò ṣomi lásán mọ́, ó ń yọ ipin, ẹranko náà sì ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ nù ún títí tí ibẹ̀ fi bó. Nígbà tó yá, Okka rí i pé ojú náà ti ṣú, ó ti dà bí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ.

Ọjọ́ Sunday tí ẹgbẹ́ ń mu tíì nílé Tomma, ó gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n jókòó yí tábìlì ká, ìkòkò tíì wà lórí iná kékeré, kéèkì wà nílẹ̀. Tomma bu ife àkọ́kọ́ fún un, ó da ọ̀rá wàrà sí i. Okka mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ojú Kluntje ti ṣú. Mo fẹ́ gbé e lọ sí Oldenburg. Dókítà obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹranko wẹ́wẹ́ nìkan ló ń wò."

Tomma gbé ìkòkò tíì sílẹ̀.

"Wọ́n á pa á."

"Wá wò ó ná, Tomma. O ò tíì wò ó látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ wò? Mo ti ń sin wọ́n tipẹ́tipẹ́. Tíì náà ò tíì ràn án ni. Fi kún un, jẹ́ kó dúdú sí i."

Níbo ni Okka ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí? Kò sídìí tí màá fi là á. Kí ni mo fẹ́ wò. Bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí ọ̀rọ̀ Ukena àti ti Tomma.

Tomma ti ń na ọwọ́ láti bu ife kejì. Níbẹ̀, ife mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ àlejò, èèyàn kì í sì í sọ pé ó tó. Ṣíbí ló máa fi sínú ife tó bá ti yó. Ẹni tó bá fi ṣíbí sínú ife lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó dúpẹ́ ni. Ẹni tó bá fi sí i lẹ́yìn àkọ́kọ́, ìjà ló ń wá. Okka mú ṣíbí rẹ̀, ó fi sínú ife, ó jẹ́ kó dún.

Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé sọ pé "Áà!" bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ṣé tíì mi ló korò ni?" ni Tomma bi í. Ọrùn rẹ̀ ti pọ́n.

"Tíì rẹ dáa fún ọ̀nà ọ̀fun. Ojú Kluntje kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun."

"Okka, tó o bá gbé ẹranko yẹn fún dókítà, má jókòó sídìí tábìlì yìí mọ́."

"Mo ti dìde," ni Okka wí. Ó sì ti dìde lóòótọ́.

Ó pe Oldenburg lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù nílé ìwòsàn náà sọ fún un pé kó gbé Kluntje wá lọ́la, bóyá wọ́n á fún un ní oògùn oorun, nítorí náà kó má ṣe fún un lóúnjẹ láti ìrọ̀lẹ́.

"Ajá lẹ ń sọ yẹn," ni Okka dáhùn. "Ajá máa ń bì, ológbò máa ń bì. Ṣinṣílà kì í bì. Tí ikùn rẹ̀ bá ṣófo, ikùn náà á dákẹ́, òun náà á dákẹ́ tẹ̀lé e."

"Mà, ohun tí wọ́n ní kí n máa sọ nìyẹn."

"Èmi náà ti sọ tèmi."

Ó kó koríko kún àpótí Kluntje àti Rohm. Ní gbogbo ọ̀nà Oldenburg, ó ń dán ìjà wò lẹ́nu nínú ọkọ̀. Ohun tí dókítà máa sọ, ó ti mọ̀ ọ́n. Èsì tó máa fún un, ó ti pọ́n ọn. Nígbà tí dókítà wọlé, ọ̀dọ́mọbìnrin tí koríko há sínú irun rẹ̀, tórúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wiebke Lüken, Okka ò dúró gbọ́ ìkíni.

"Mo ti fún un lóúnjẹ o! Wọ́n ní kí n má fún un, mo fún un. Tẹ́ ẹ bá máa bínú, ẹ tètè bínú, kí n mọ ọ̀nà ilé mi."

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fún un," ni dókítà wí. "Ẹ̀bi wa ni. Òfin ajá ni wọ́n kà fún yín lórí fóònù. Màá lọ bá wọn tún un ṣe. Jọ̀ọ́, mà, ẹ jókòó."

Okka jókòó. Gbogbo ìbínú tó kó wá láti ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Kí ló wà lójú rẹ̀?" ló bi í, ohùn rẹ̀ ṣì le.

"Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Láti ìgbà tí ojú yẹn ti ń ṣomi, ẹni àkọ́kọ́ tó sọ pé òun ò mọ̀ nìyẹn. Okka rọra mí kanlẹ̀. Ó wo bí dókítà náà ṣe fọwọ́ gbé Kluntje láti abẹ́ ikùn, tí irun kankan ò re, torí ṣinṣílà tí wọ́n bá gbá mú lójijì, irun rẹ̀ á bọ́ síni lọ́wọ́ ni. Ó wò ó bó ṣe tan iná sí ẹnu rẹ̀, tó wo eyín ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, dókítà sì pe Okka wá síwájú rẹ̀.

"Ẹ wo gbòǹgbò yìí, mà. Ó ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Dókítà tẹ́ ẹ ní ẹ kọ́kọ́ lọ bá ò purọ́ tán, ọ̀rọ̀ eyín yìí lè dìde lọ́jọ́ iwájú. Àmọ́ ó jìnnà sí ojú. Nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀."

Wọ́n fún Kluntje ní oògùn oorun díẹ̀, dókítà sì fi awò ńlá wo abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi jáde, tó gbé nǹkan kan wá lórí aṣọ funfun. Ẹ̀gún orí koríko ni, kò tóbi ju irun ìpéǹpéjú lọ.

"Èyí ló há sábẹ́ ìpéǹpéjú, tó ń ha ẹyin ojú. Mà, kí lẹ ti ń fi sí ojú yìí?"

"Tíì."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Okka ì bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

"Tíì kọ́ ló gún un. Ṣùgbọ́n tíì ò mọ́ tó omi tó yẹ ojú tó ti bó, ó sì jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ìtọ́jú ń lọ. Ẹyin ojú náà ti lu. Mi ò lè gbà á là mọ́."

Okka rántí ọwọ́ ara rẹ̀ àti òwú, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó rántí bí Kluntje ṣe máa ń dúró jẹ́ẹ́, torí pé ó fọkàn tán an.

"Kí ló kù?" ó ní.

"Ká yọ ojú náà. Oògùn oorun tó pọ̀ léwu fún un, ó lè má jí, mi ò ní tàn yín. Tá a bá fi sílẹ̀, kòkòrò á wọ inú orí rẹ̀."

"Tó bá jẹ́ tiyín ńkọ́?"

"Màá yọ ọ́."

"Nítorí kí ni? Ẹ sọ fún mi. Ẹ má sọ pé torí ẹ jẹ́ dókítà."

"Torí pé ó ń jẹun, mà. Síríǹjì yín ló gbé e dé ibí. Ikùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, eyín rẹ̀ ṣì ń lọ koríko, irunmú rẹ̀ sì ń bá ojú ṣe iṣẹ́. Ojú kan á tó o."

Okka fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé. Ó bínú sí Ukena, ó bínú sí Tomma, èyí tó bí sí ara rẹ̀ ló pọ̀ jù. "Ẹ yọ ọ́," ó ní. "Rohm máa dúró tì í tó bá jí."

Kluntje jí. Ó jí pẹ̀lú orí wíwúwo, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì gbórí lé àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn. Okka dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì tún bi dókítà ní ìbéèrè rẹpẹtẹ lórí gbogbo oògùn tó kó fún un kó tó kúrò níbẹ̀: èwo ni, fún kí ni, ṣé kò ní í ba ikùn jẹ́. Dókítà dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò dá a lójú, ó ní kó jẹ́ kóun lọ wádìí, ó lọ, ó sì padà wá.

Ojú ọgbẹ́ náà ti ń jinná, irun ti ń hù bò ó, kí Tomma tó wá. Bóyá àárò ló sọ ọ́, bóyá àwọn ẹgbẹ́ ló rán an, Okka ò bi í. Ó ṣílẹ̀kùn fún un, Tomma wọlé, kò bọ́ kóòtù, ó lọ tààrà síwájú àgò ńlá tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó rí Kluntje. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Okka! Kí lo jẹ́ kí wọ́n ṣe fún un? Kluntje tó rẹwà jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo bí! Áà, Ọlọ́run. Ì bá sàn kó kú."

"Tún un sọ."

"Mo ní ì bá..."

"Ìwọ àti Ukena, ẹ kì í kí ara yín lójú títì," ni Okka wí. Kò pariwo. "Òun ò ka ṣinṣílà sí ju eku lọ. Ìwọ fẹ́ràn wọn ju ọmọ bíbí inú rẹ lọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ jọ gbé wá bá mi: kó kú. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ba wò ó."

"Mo fún ẹ nímọ̀ràn tó dáa!"

"O fún mi lọ́kan tó dáa, ó gbà á lọ́wọ́ ikú, mo dúpẹ́. O fún mi lọ́kan tó fọ́ ọ lójú. Ọwọ́ mi lo sì fi fọ́ ọ, Tomma. Ọwọ́ mi yìí. Mo gbà fún ẹ torí pé o fẹ́ràn rẹ̀, àfi bí ẹni pé ìfẹ́ lojú. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹranko mi, ìwé ẹ̀rí ni ì báà gbé wá, ìfẹ́ ni ì báà gbé wá, ó máa sọ ìdí fún mi kó tó na ọwọ́. Tí kò bá lè sọ ọ́, ilẹ̀kùn nìyẹn."

"Èmi náà?"

"Ìwọ gan-an."

Tomma dúró síbẹ̀, omi ń kán láti etí kóòtù rẹ̀ sílẹ̀. Nínú àgò, Kluntje gbé ara sókè láti fò sórí pákó òkè. Ẹ̀gbẹ́ tí kò ti ríran ló gbà, ó ṣi pákó náà gbà, ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

Tomma ké, ó sì na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà àgò.

"Má fọwọ́ kàn án!" ni Okka wí, ó sì fi ara dí ibẹ̀.

Kluntje gbọn etí. Ó dìde, ó yí orí rẹ̀ títí ojú ọ̀tún fi kọ sí òkè, ó wo pákó náà fún ìgbà díẹ̀. Ó tún fò. Lọ́tẹ̀ yìí ó dé ibẹ̀. Ó fa koríko kan yọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.